Ohun Tó Wà Nínú Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́kọ́ jókòó sórí àga onítìmùtìmù láyé mi, ní Lọ́kọ́jà, lẹ́sẹ̀ òkè, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn akọ̀wé rẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú wa. Bí mo ṣe fìdí kan tìmùtìmù yẹn ló rọ̀ sísàlẹ̀, mo sì fọwọ́ di apá àga mú, mo rò pé mò ń ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Fara balẹ̀," ó ní. "Kò ní jẹ ọ́."

Ó fún mi lómi nínú ife onígíláàsì. Mo ń mu omi, mo ń wo inú yàrá náà yí ká: àga mẹ́rin tó bára mu, tábìlì pẹrẹsẹ kan láàárín wọn, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n to àwo funfun sí, aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí díẹ̀, mo sì rí igun bẹ́ẹ̀dì onírin kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Mo dúpẹ́ fún omi náà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti dì sí mi láyà, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó tú.

Ará Kàbà ni wá, àwa méjì péré la sì yè nínú àwọn ọmọ tí ìyá wa bí. Ìyé là ń pè é, bí àwa ará Okun ṣe ń pe ìyá. Bàbá wa rán ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwé, ó kà á dé ìwé mẹ́fà. Nígbà tó kàn mí, mo ń ka ìwé mẹ́rin lọ́wọ́ ni bàbá wa kú, ìwé mi sì parí síbẹ̀. Ìwé mẹ́fà yẹn ló mú akọ̀wé ìjọba kan láti ilẹ̀ Yàgbà wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi, káfíńtà ló fẹ́ mi. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ igi dáadáa. Ó ń kan fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó ń gun òrùlé, ó sì ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tún ọkọ̀ wọn ṣe létí odò Ọya. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe òun ni mo bínú sí.

Yàrá kan ló háyà fún wa nínú agbo ilé àwọn oníṣòwò ará Ìlọrin kan nísàlẹ̀ ìlú, níbi tí a ti ń gbóhùn àwọn ọlọ́kọ̀ láti orí omi. Ìyá Nupé kan wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Ó ń fi Haúsá bá mi sọ̀rọ̀, èmi ń fi Yorùbá dá a lóhùn, a sì ń gbọ́ra wa yé. Nínú yàrá wa, ẹní méjì ló wà, àti àpótí aṣọ kan tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, àpótí ìjókòó, ìkòkò, àwo tánganran tí Ìyé fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ, àti àpò irinṣẹ́. Bí àlejò méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn á jókòó sórí ẹní.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ṣe mí dáadáa o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Kò sí ìgbà tí mo lọ tí kò di nǹkan lé mi lọ́wọ́, ọṣẹ, súgà, aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kéré sí wọn. Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn. Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn ju bí ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Bí wọ́n bá pààrọ̀ aṣọ tábìlì, ojú mi á ti rí i láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ra rédíò, kò tíì ṣí aṣọ tó fi bò ó tí mo ti mọ̀ pé rédíò ni. Ní ọjà, àwọn oníṣòwò ń pè é ní Màdáámù, bí mo bá sì tẹ̀ lé e, wọ́n á rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mí, wọ́n á fẹ́ gbé ẹrù lé mi lórí.

Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, màá dúró láàárín yàrá wa, màá wo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbé e sójú ìwọ̀n pẹ̀lú tirẹ̀. Àpótí ìjókòó wa, àga onítìmùtìmù rẹ̀. Ẹní wa, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá lọ dáná.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ọkọ mi tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì gbé òkèlè kalẹ̀.

"Ilé Àǹtí lo lọ lónìí," ó ní.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọbẹ̀ ni. Bí o bá ti ibẹ̀ dé, iyọ̀ a máa pọ̀."

N kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Owó tirẹ̀ ń wá lóṣooṣù. Tèmi ń wá nígbà tó bá wù ú. Má fi méjèèjì wéra, wàá kàn máa ba ọbẹ̀ jẹ́ ni." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ n kò fẹ́ gbọ́ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, Ìyé wá láti Kàbà láti wá wẹ ọmọ. Èmi ni mo bímọ, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó dé sí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló dé sí. Ó ní yàrá wa kò lè gba òun, kò sì lè gbà á lóòótọ́. Láràárọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá, á wẹ ọmọ, á fi òrí pa á lára, á jẹun, kí oòrùn tó mú, ó ti gòkè padà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì onírin. Ó sì ń ròyìn bẹ́ẹ̀dì náà fún mi. Ó ní bí èèyàn bá yí ara padà lórí rẹ̀, á gbé èèyàn sókè díẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ń jó ọmọ lórí itan. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun lè sùn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ogbó òun. Mo ń fọ ìlẹ̀dí ọmọ, mo ń gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń na ọmọ náà lápá nílẹ̀, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan láìgbójú sókè.

"Bí ọkọ rẹ bá dùbúlẹ̀, kí ni ẹ óò máa jẹ?"

"Ìyé, kí ni yóò dá ọkọ mi dùbúlẹ̀?"

"N kò sọ pé nǹkan á dá a dùbúlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lónìí ni mo wí. Títí di ìgbà wo ni ẹnu yín á fi máa jẹun?"

Mo wo inú yàrá yí ká. Gààrí díẹ̀ wà nínú agolo, iṣu kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé oúnjẹ yẹn kò ní gbé wa dé ọjọ́ ọjà kejì. N kò sọ ọ́.

"Ṣé ẹ bi Àǹtí náà bẹ́ẹ̀?" ni mo fi dá a lóhùn.

"Kí ni mo fẹ́ bi òun? Ṣebí ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ó gbé ọmọ fún mi, ó nu òrí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gòkè lọ.

Àwọn àgbà ní owú kò dára, ó ń ba ilé jẹ́. N kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ owú ló rán mi lọ sídìí ẹ̀pà. Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyé padà sílé, mo lọ bá ìyá Nupé, mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún òróró ẹ̀pà, tí wọ́n sì ń fi ìyókù rẹ̀ dín kúlíkúlí. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní ó ti rọ̀ jù. Láàárín oṣù mélòó kan, kò rọ̀ mọ́. Mò ń lọ ẹ̀pà lórí ọlọ, mò ń pò ó títí òróró á fi là, mò ń yí ìyókù róbótó róbótó, mò ń dín in. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, òórùn ẹ̀pà sì wọ̀ mí lára débi pé ọkọ mi ní bí òun bá wọ agbo ilé, imú òun ló ń mú òun dé ọ̀dọ̀ mi. Etí odò ni mo ti ń tà á, níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń ré wọn kọjá.

Mo ṣe òfin kan fún ara mi, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: ohun tí mo bá rí nídìí ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ mi bí owó. Ó gbọ́dọ̀ di ohun tó lè bímọ, tàbí ohun tí ikán kò lè jẹ. Ewúrẹ́ kan ni mo kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra páànù ìbolé, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Mo ń tẹ́ wọn sábẹ́ ẹní wa, tó fi jẹ́ pé orí páànù la sùn lé fún ìgbà pípẹ́, bí ọkọ mi bá sì yíra padà, á dún gbàràmù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì onírin tìrẹ náà nìyí." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Àgbà kan tó ní ilẹ̀ ní Gadumo pe ọkọ mi kó wá kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé tuntun rẹ̀. Ilẹ̀ ló fi san owó iṣẹ́ náà. Oko àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Inú mi dùn débi pé n kò lè dúró de Sátidé, Ọjọ́rú ni mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ wà nílé, ó ń jẹun pẹ̀lú fọ́ọ̀kì. Èèyàn dáadáa ni, ó fẹ́ràn àwàdà.

"Gadumo?" ó ní. "Ta ni yóò bá yín gbélé níbẹ̀, ọ̀bọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, mò ń wo ilé àwọn akọ̀wé tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀dà funfun lára gbogbo wọn, mo sì rò ó pé bí Ọlọ́run bá ń pín nǹkan, àfi bí ẹni pé ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí apẹ̀rẹ̀ tó ṣófo.

Ohun tí Ìyé bi mí dé bá wa lẹ́yìn ọmọ mi kejì. Ọkọ mi ń ṣe òrùlé ilé ìkẹ́rùsí kan létí odò, igi tó tẹ̀ dá, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ lókè orúnkún. Oníṣègùn eegun to egungun náà, ó ní kó má fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí òjò á fi dáwọ́ dúró, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ewúrẹ́ mi ti di agbo kékeré nígbà náà. Mo ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ jẹ èyí tán, màá mú òmíràn lọ sí ọjà. Àwọn ọmọ mi ń sunkún nítorí wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ. Kò sí nínú ẹran náà tí a pa jẹ. Nígbà tí ọkọ mi fi ọ̀pá dìde dúró, tó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ kan péré ló kù, mo sì wá mọ ìdáhùn tí mi ò rí sọ fún ìyá mi: láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìparí rẹ̀. A kò fọwọ́ kan páànù rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa nínú òjò yẹn. Ó di agboòrùn mú, ó gbé ìrẹsì àti wàrà inú agolo wá. Kò ṣe bí ẹni tó ń ṣe nǹkan ńlá. Ó kàn gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé fìlà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Bó ṣe lè fúnni ní nǹkan láìronú jinlẹ̀ yẹn, ohun tí mo jowú jù lọ nípa rẹ̀ nìyẹn, ju àga, ju rédíò. Èmi, kí n tó fún èèyàn ní kúlíkúlí márùn-ún, màá ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Mo se ìrẹsì náà. Gbogbo wa jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Nígbà tó yá, a kọ́ yàrá méjì ní Gadumo, alámọ̀, a sì fi páànù wa bò ó. Ẹsẹ̀ ọkọ mi kò tẹ̀ dáadáa mọ́, kò sì gun òrùlé ẹlòmíràn mọ́. Tiwa nìkan ló gùn, mo sì di àkàbà mú títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ọdún tí a kó síbẹ̀ ni ọdún òmìnira. Lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó dé fìlà òyìnbó, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Èmi wà lẹ́yìn okùn tí wọ́n fà, mò ń ta kúlíkúlí. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Mo ṣe bí ẹni pé mò ń wá ṣẹ́ńjì fún oníbàárà.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì gbé e wálé ní ọ̀sán. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Wọ́n gbé e lọ sin sí ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tẹ̀ lé wa wá sí Lọ́kọ́jà. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n gbé rédíò, wọ́n gun básíkùlù rẹ̀ lọ. Owó tí ìjọba yọ̀ǹda lẹ́yìn òkú náà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà á, wọ́n ní àwọn á máa fi tọ́ àwọn ọmọ. A kò rí wọn mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì wá. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní akọ̀wé mìíràn ń bọ̀ tí yóò gba ilé náà. Wọ́n fún un ní àkókò láti palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí àkókò náà pé, mo lọ bá a di ẹrù. A wà lẹ́nu rẹ̀ ni lọ́rì dé, àwọn ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga.

Mo rò pé àwọn tí yóò bá wa kó ẹrù ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gbé e o, ẹ̀yin arákùnrin. Àwọn ọmọ tí kò ní bàbá ló ni ín."

Ọ̀kan nínú wọn dúró. "Ìyá," ó ní, "ìjọba ló ni ín." Ó dojú àga náà délẹ̀ kí n lè rí i. Àmì ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú aṣọ dúdú lára rẹ̀.

"Àǹtí, àga náà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Tábìlì ńkọ́?"

"Tábìlì náà."

"Bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó bá ilé wá ni. Mo rò pé o mọ̀." Ó tọ́ka sí àwọn àwo funfun tó ti kó sílẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. "Àwo ni tèmi."

Ẹni tó bá ti mọ bí mo ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyẹn á rò pé inú mi á dùn díẹ̀. Kò dùn. Ó dà bí ẹni pé olè wọlé mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé wọ̀nyẹn, gbogbo ọbẹ̀ tí mo fi iyọ̀ bà jẹ́, àga ìjọba ni mò ń jowú. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé bẹ́ẹ̀dì náà gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá ní ẹ̀gbẹ́, mo sì ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé òun ló tàn mí.

Ọ̀dọ̀ wa ló kó wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ibòmíràn. Àpótí méjì, àwo funfun, ìkòkò, àti àwọn ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ ló gbé wá. Bí mo bá wò ó dáadáa, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó fi jẹ́ Màdáámù, ohun tó kó wá kò lè bọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá oṣù kan. A fún un ní yàrá kan, àwa mú ìkejì.

Mo rò pé owú á parí síbẹ̀. Kí ló tún kù tí mo lè jowú? Ó kù o. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, tó ń sọ ìtàn fún wọn. Wọ́n ń pè é ní Màmá. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá. Àwọn aládùúgbò tó mọ̀ pé èmi ni mo ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹjọ́ wọn lọ bá a nítorí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi, tí ẹ̀rín ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń sín ìyàwó ọ̀gá òyìnbó kan jẹ, bí ó ṣe ń bá ológìnní rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú ilé ìdáná ni mo wà tí mò ń gbọ́ ẹ̀rín náà. Kò sí ohun búburú nínú rẹ̀. Mo mọ̀. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rín ọkọ mi ni.

Ní òwúrọ̀ kan, mo dé láti odò, mo rí i pé ó ti pààrọ̀ àyè ìkòkò omi mi, ó ti gbé e sí ibi tí òjìji wà. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Omi dà sílẹ̀ díẹ̀.

"Kí ni ìkòkò náà ṣe?" ó ní.

"Ilé mi ni, Àǹtí. Ibi tí mo bá gbé ìkòkò sí ló ń gbé."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ìkòkò. Ẹ ti gba gbogbo wọn lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ mi, ọkọ mi. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn yín láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, kí lẹ tún ń wá nínú yàrá méjì mi?"

Ó jókòó sórí ọlọ mi. N kò rí i kó jókòó sórí ohun bẹ́ẹ̀ rí.

"O mọ̀ pé mo ń jowú rẹ?" ó ní.

"Kí lẹ ń jowú? Ẹ̀pà?"

"Nígbà tí o bí àkọ́bí rẹ, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn tí Ìyé ń sùn sí, kò sùn tó bí o ṣe rò. Ó ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ rẹ ni. Kí ni wọ́n á jẹ bí ọkọ rẹ̀ bá dùbúlẹ̀? Ta ni yóò ràn wọ́n lọ́wọ́? Lójoojúmọ́. Mo wà níwájú rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan rí. Mo ń wò ó, mo ń rò ó lọ́kàn pé bí èmi bá ń rì sínú omi báyìí, ìyá mi á máa kí mi pé mo wẹ̀ dáadáa." Ó fi ìka nu ojú rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n bá ti rò pé ó ní, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́. Èmi náà kò sì bi ara mi."

Mo ní ògì ń hó lórí iná, mo sì lọ.

Mo fún un ní ewúrẹ́ méjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lára àwọn tí ẹyọ kan tó kù lọ́jọ́sí ti bí. N kò ṣe àlàyé kankan, mo kàn so okùn wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó tà wọ́n, ó fi ra ìyẹ̀fun. Ó ti kọ́ búrẹ́dì ṣíṣe lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá òyìnbó náà nígbà tí obìnrin náà ń kó àwọn ìyàwó akọ̀wé jọ láti kọ́ wọn níṣẹ́ ilé. Ọkọ mi bá a fi amọ̀ mọ ààrò sẹ́yìn ilé. Ìgbà mélòó kan ló jóná, ìgbà mélòó kan ló le bí òkúta, àwọn ewúrẹ́ mi ló jẹ ẹ́. Nígbà tó wá dára, òórùn rẹ̀ gba gbogbo Gadumo, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ òórùn kúlíkúlí mi mọ́. Àwọn èrò etí odò á ra búrẹ́dì tán kí wọ́n tó rántí mi. A ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, igbá tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣófo.

Kò fi èrè rẹ̀ ra àga. Ọ̀dọ́ abo màlúù kan ló kọ́kọ́ rà, ó fà á lé Fúlàní kan tó ń da ẹran gba ọ̀nà Ganaja lọ́wọ́. Nígbà tó sọ fún mi, mo lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì dùn mí dé egungun. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sin ewúrẹ́, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ohun tó ń bímọ lè tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù náà bí, ọmọ rẹ̀ náà sì bí. Lára ẹran yẹn ló ti ra ilẹ̀ nítòsí wa, tó sì kọ́lé tirẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè wá gbé lọ́rì dúró síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kó lọ, àwọn ọmọ mi sunkún. Èmi gbálẹ̀ yàrá tó fi sílẹ̀, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kó àpò ẹ̀pà síbẹ̀.

Ìgbà tó yá, ojú Ìyé ti ń ṣú, kò lè dá gbé ní Kàbà mọ́. A fẹnu kò láti mú un wá sí Lọ́kọ́jà. Àwa méjèèjì la ní ilé báyìí. Tèmi ló tóbi jù, a ti fi yàrá méjì kún un, ọkọ mi sì ti kan bẹ́ẹ̀dì igi gidi kan fún un, ó ti fá a títí ara rẹ̀ fi ń dán. Mo ti ra ẹní tuntun. Ọkọ̀ gbé e dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo mú un lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé títí ó fi kú. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní oúnjẹ. Ní ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọjà, mo bi Ìyé ní ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Ìyé, kí ni mo ṣe tí ẹ kò fi gbé lọ́dọ̀ mi?"

Ó ń fọwọ́ wá ẹja nínú ọbẹ̀. "O kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ìwọ ní ọkọ nínú ilé. Òun, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ bá ti sùn?"

Ìdáhùn gidi ni. Kò sí bí mo ṣe lè já a ní koro. Mo fọ àwo, mo kí i pé ó di ọ̀la, mo sì rìn padà sílé mi. Láti ẹnu ọ̀nà mi ni mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ti ọjà dé, tó ń kí ìyá wa pé ó kú ìkàlẹ̀, àti ohùn ìyá wa tó gbéra sókè nígbà tó ń dá a lóhùn. Mo dúró díẹ̀ kí n tó wọlé, bóyá màá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. N kò gbọ́ ọ.